Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣàlàyé Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Ibà fún Ìyá Ọmọ

Nọ́ọ̀sì ni mí, ìdí abẹ́rẹ́ ọmọdé ni mo wà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, orí ẹ̀fọn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Bí abo ẹ̀fọn tó ní kòkòrò ibà bá jẹ ọmọ, kòkòrò náà á gba inú ẹ̀jẹ̀ sáré lọ sínú ẹ̀dọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń pọ̀ sí i kó tó padà wá ba ẹ̀jẹ̀ jà. Ojú ọ̀nà yẹn ni RTS,S àti R21, ìyẹn abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà méjì, ti ń dè é. Púrótéènì kan bo kòkòrò náà lára bí ẹ̀wù. Ègé púrótéènì yẹn ló wà nínú abẹ́rẹ́, kì í ṣe kòkòrò alààyè. (Ẹ tún un sọ, wọ́n á bi yín.) Èròjà kan láti ara èèpo igi tó ń hù ní Chile tún wà níbẹ̀, tó ń ta ara jí. Ara á wá pèsè èròjà agbóguntàrùn tó máa lẹ̀ mọ́ púrótéènì yẹn, kí kòkòrò má bàa ráyè wọ ẹ̀dọ̀.

Agbára yìí máa ń dínkù. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ kẹrin fi wà lẹ́yìn mẹ́ta àkọ́kọ́, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá pé nǹkan bí oṣù 5. Ẹ kọ déètì abẹ́rẹ́ kẹrin sínú káàdì ọmọ. Abẹ́rẹ́ yìí kò dènà gbogbo ibà o, nítorí náà ọmọ á ṣì máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì.