Bí Mo Ṣe Ṣe Próójẹ́ẹ̀tì Mi Lórí Èésú ní Ọjà Bódìjà

Ẹni tó bá ka sosiọ́lọ́jì dé ọdún ìkẹyìn ní Yunifásítì Ìbàdàn máa ṣe próójẹ́ẹ̀tì. Á mú ọ̀rọ̀ kan láàrin àwùjọ, á ṣèwádìí rẹ̀, á sì kọ ọ́ bí ìwé. Èésú ni èmi mú. Ohun tó fà á ni ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kọ́ wa nípa Émile Durkheim, ará Faransé. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1893, ó ní àdéhùn kì í dá dúró: nǹkan kan ti wà nílẹ̀ láwùjọ tó ń gbé e ró, kí àwọn méjì tó fẹ́ ṣàdéhùn tó pàdé rárá. Ọkàn mi lọ sí àwọn obìnrin ọjà tí wọ́n ń kó owó lé ara wọn lọ́wọ́ láìsí lọ́yà, láìsí òǹtẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń gbé tiwọn ró.

Mo kọ́kọ́ wọ ilé ìkàwé Kenneth Dike. Samuel Johnson ti mẹ́nu ba èésú nínú ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Mo ka Fadipe náà, ẹni tó kọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tó sì kú ní 1944. Ọdún 1970 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, níbí yìí ní Ìbàdàn. Ó máa ń dùn mí pé kò fojú rí i. Ṣùgbọ́n William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí ní Ifẹ̀, ló wúlò fún mi jù. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1952 dá lé èésú nìkan. Ó ṣàlàyé pé tí èésú bá tóbi, wọ́n á pín in sí ọ̀nà ọ̀nà, kí olórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan máa mójú tó àwọn èèyàn tirẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni méjì lè wà nínú èésú kan náà kí wọ́n má mọ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí àwọn kan ń pa èésú àti àjọ pọ̀. Nínú àjọ, alájọ ló ń lọ káàkiri láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ó ń gba owó ojoojúmọ́, tóṣù bá parí, á kó owó oníkálukú fún un, á sì yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀. Nínú èésú, bí èèyàn mẹ́wàá bá ń dá 5,000 náírà lọ́sẹ̀, ẹnì kan á kó 50,000 lọ́sẹ̀ yẹn, títí á fi yí gbogbo wọn ká. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ti rí owó yá láìsí èlé. Ẹni tó kó kẹ́yìn, ńṣe ló kàn ń fi owó pamọ́. Nítorí náà, ipò tí olúkúlùkù wà lórí ìlà ni mo gbájú mọ́.

Yorùbá ni mo fi kọ àwọn ìbéèrè mi látìbẹ̀rẹ̀, nítorí Yorùbá ni màá fi bi wọ́n. N kò béèrè pé, "Ṣé ẹ fọkàn tán ara yín?" Kò sẹ́ni tí yóò sọ pé rárá. Ohun tí mo béèrè ni: Ta ló kọ́kọ́ kó? Ta ló fi í sípò yẹn? Bí ọmọ ẹnì kan bá fẹ́ san owó ilé ìwé ńkọ́, ṣé ó lè gba ipò ẹlòmíì? Ta ni ẹ kò lè gbà wọlé láé? Irú ìbéèrè báyìí máa ń mú kí èèyàn ro ẹni kan pàtó, inú ìtàn ẹni yẹn ni òfin ẹgbẹ́ ti máa ń yọjú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ibí ni kó ti fara balẹ̀ jù. Olùtọ́nà mi náà dá mi dúró síbẹ̀ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Láti géètì Yunifásítì, Micra á gbé èèyàn dé Bódìjà láìpẹ́. Mo mú lẹ́tà láti ẹ̀ka wa lọ bá Ìyálọ́jà, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ara mi. Ó ní kí n má gba àwòrán ẹnikẹ́ni, kí n má sì dí ọjà lọ́wọ́. Mo pa méjèèjì mọ́. Òwúrọ̀ kì í ṣe àkókò ọ̀rọ̀, torí ìgbà yẹn ni oníbàárà pọ̀. Ọ̀sán tí oòrùn bá mú ni mo máa ń lọ. Màá kí wọn pé "Ajé á wọgbá o", màá jókòó, màá bá wọn ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí ọwọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu náà á là.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ló ṣí ọ̀rọ̀ náà fún mi. Mo bi í pé bí ẹnì kan bá kó tán tí kò dá owó mọ́, ṣé àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ń gbà lọ?

Ó ní, "Ọlọ́pàá kẹ̀? Ọmọ mi, ta ni yóò tún já ọjà fún un láwìn?"

Mo ní kí ó ṣàlàyé. Láti òkè Ọya ni ẹ̀wà ti ń wá nínú ọkọ̀ ńlá. Ẹni tó ń já a kì í sábà gba owó lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á gbé àpò lọ, wọ́n á tà á, wọ́n á wá san án. Obìnrin tó bá jẹ èésú, ilẹ̀ kò ní ṣú kí ẹni tó ń já ọjà tó gbọ́, bó bá sì ti gbọ́, ìsọ̀ obìnrin náà á ṣófo. Àwìn ló ń gbé èésú ró! Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá àwọn aláta àti ẹlẹ́lùbọ́, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Mo tún bá àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan sọ̀rọ̀ tí wọ́n ń dá èésú lórí WhatsApp, tí wọn kì í ra ọjà níbì kan náà. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tuntun gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá, ìkẹyìn ni wọ́n sì máa ń fi í sí. Níbi tí kò ti sí àwìn, nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀.

Mo lo ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinsola Akiwowo ti Ifẹ̀ nípa àjọbí àti àjọgbé láti ṣàlàyé èyí. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í ṣe ẹbí. Ìlú wọn yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀sìn wọn. Gbígbé pọ̀ lójú ọjà kan náà ló so wọ́n pọ̀.

Mo tẹ gbogbo ohun tí mo gbà sílẹ̀ lórí fóònù ní Yorùbá, mo fi báírò aláwọ̀ oríṣiríṣi sàmì sí ohun tó jọra, mo yí orúkọ gbogbo wọn padà. Iṣẹ́ alẹ́ ni, ó sì gba sùúrù.

Kí n tó di ìwé náà, mo padà lọ ka orí kẹrin sí ìyá ẹlẹ́wà létí ní Yorùbá. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó ní mo fi nǹkan kan sílẹ̀: òun tí òun jẹ́ olórí, òun ló ń kó kẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá já wọn kulẹ̀, nínú tòun ni wọn yóò ti dí i. Mo fi í kún un. Níbẹ̀ gan-an ni àwọn olùdánwò ti dá mi dúró lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà iṣẹ́ mi. Wọ́n ní, bí olórí bá kú kí èésú tó yí ká tán ńkọ́? Mo dáhùn bí ìyá ṣe sọ ọ́: ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a kọ orúkọ àti owó sínú ìwé, òun sì ni ẹgbẹ́ ti fẹnu kò sí pé yóò parí èésú tó bá wà nílẹ̀.