Bí mo ṣe yan sítóòfù àti ìkòkò tí a gbé gun òkè

Ohun tí sítóòfù ń jẹ ni mo kọ́kọ́ wá, kí n tó wá sítóòfù fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dorí ọ̀rọ̀ yìí kodò: wọ́n á rí sítóòfù tó wù wọ́n, wọ́n á rà á, ó di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbéra kí wọ́n tó máa béèrè irú gáàsì tó bá a mu. Àwa mẹ́rin la fẹ́ gun òkè, tí a ó máa sùn nínú àgọ́, tí a ó sì máa se ohun tí a máa jẹ fúnra wa, torí kò sí ilé oúnjẹ kankan lójú ọ̀nà. Èmi ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìdáná lé lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú wa, ẹni tí irú ìrìn yìí ti mọ́ lára, kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Àbúrò, ohunkóhun tó o bá rà, rántí pé ẹ̀yìn wa ló máa wà." Mo ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Bàálù ni yóò gbé wa dé ìtòsí òkè náà, ìyẹn nìkan sì ti yanjú ìdajì ọ̀rọ̀. Agolo gáàsì kì í wọ bàálù: kò gbọdọ̀ sí nínú báàgì ọwọ́, kò sì gbọdọ̀ sí nínú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ikùn bàálù. Kẹrosíìnì àti sípírítì ìdáná kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ bákan náà. Kódà sítóòfù tí ẹ ti dá rí, tí òórùn epo bá ṣì ń jáde lára rẹ̀, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, mo wádìí ohun tí wọ́n ń tà níbi tí à ń lọ. Wọ́n ní gáàsì inú agolo, èyí tí ẹnu rẹ̀ ní tírẹ́ẹ̀dì, tí à ń yí sítóòfù mọ́. Wọ́n ní kẹrosíìnì. Wọ́n ní sípírítì. Ó wá ku kí n yan ọ̀kan.

Kẹrosíìnì kò ṣeé fojú di. Láti 1892, tí Frans Wilhelm Lindqvist ti ṣe sítóòfù Primus ní Stockholm ní orílẹ̀-èdè Sweden, ni irú sítóòfù onípọ́ǹpù yìí ti ń bá àwọn arìnrìn-àjò lọ síbi tí òtútù ti le jù. Primus wà nínú ẹrù Roald Amundsen, arìnrìn-àjò ará Norway, àtàwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ìpẹ̀kun gúúsù ayé ní 1911. Ohun tó mú kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹni tó ń dáná ló ń fi pọ́ǹpù ti epo jáde. Òtútù ì báà mú títí, bí ẹ bá ti pọ́ǹpù rẹ̀, yóò jó. Ṣùgbọ́n wàhálà rẹ̀ kò kéré. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá iná díẹ̀ sí orí rẹ̀ kó lè gbóná, kí epo lè di oru kó tó jáde. Bí kò bá tíì gbóná tó, iná pupa á bú sókè, èéfín dúdú á bo ìdí ìkòkò. Imú rẹ̀ máa ń dí, abẹ́rẹ́ lẹ ó sì máa fi là á. Bí kẹrosíìnì bá wá dà sínú báàgì, gbogbo aṣọ ló máa rùn títí ẹ ó fi padà délé. Tó bá jẹ́ ibi tí a ó ti máa yọ́ yìnyín mu là ń lọ, òun ni ǹ bá mú. Odò wà lójú ọ̀nà tiwa.

Sítóòfù onísípírítì wù mí nítorí pé kò sí ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀. Ife irin kékeré kan ni: ẹ bu sípírítì sí i, ẹ ṣáná sí i, ó ti ń jó, kò sì ní pariwo. Àmọ́ ooru tó wà nínú kìlógírámù sípírítì kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì èyí tó wà nínú kìlógírámù gáàsì lọ, ìyẹn ni pé ohun tí a ó pọ̀n máa fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ojú kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí iná rẹ̀ nínú oòrùn. Ẹni tó bá rò pé ó ti kú, tó wá ń da sípírítì kún un, iná lè gba ọwọ́ rẹ̀ wọ inú ìgò. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ pàápàá, ọ̀pọ̀ igbó ọba ló máa ń fòfin de sítóòfù tí kò ní ohun tí èèyàn lè yí pa lójú ẹsẹ̀. Igi dídá náà wọ inú òfin yẹn. Ní ti epo gbígbẹ bíi kúùbù ṣúgà, irú èyí tí wọ́n ti ń ṣe ní Jámánì láti 1936 tí wọ́n ń pè ní Esbit, ẹni tó ń dá rìn lè fi sápò fún pàjáwìrì. Ó ń rùn, ó sì ń fi ohun rírìn kan sí ìdí ìkòkò. Èèyàn mẹ́rin kò lè fi í jẹun.

Gáàsì ni mo mú, ṣùgbọ́n gáàsì yàtọ̀ sí gáàsì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo. Irú gáàsì tó ń jẹ́ butane nìkan ló wà nínú òmíràn, -0.5°C sì ni butane ti ń hó, nítorí náà bí òtútù bá ti mú dé ibẹ̀, inú agolo ni yóò jókòó sí bí omi, kò ní jáde. Isobutane ń hó ní nǹkan bíi -12°C, propane ní -42°C. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kúkú rọ propane nìkan síbẹ̀. Agbára tó fi ń ti ara agolo láti inú pọ̀ ju ohun tí agolo fẹ́lẹ́ lè gbà lọ. Sílíńdà irin tó nípọn ló yẹ ẹ́, ta ló sì fẹ́ pọn ìyẹn gòkè? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pò ó, kí isobutane pọ̀, kí propane díẹ̀ wà níbẹ̀. Irú èyí ni mo rà.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ. Bí gáàsì ṣe ń di oru, ara agolo ló ti ń fa ooru, nítorí náà bí iná ṣe ń jó ni agolo ń tutù sí i. Propane ló sì máa ń yára jáde jù, tó bá wá kù díẹ̀ nísàlẹ̀, èyí tí kò fẹ́ràn òtútù ló ṣẹ́ kù. Agolo tó jó dáadáa lálẹ́ lè máa ṣojo láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá mì í, ẹ ó gbọ́ gáàsì nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló pinnu irú sítóòfù tí mo rà. Èyí tí wọ́n ń yí sórí agolo tààrà ló fúyẹ́ jù, òmíràn kò tó 100 gírámù, ó sì lè wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó ń dá rìn, tó kàn fẹ́ hó omi ife méjì, kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ṣe papọ̀ mọ́ ìkòkò rẹ̀, irú Jetboil, tún yára jù ú, kò sì ń fi gáàsì ṣòfò. Ṣùgbọ́n ìkòkò èèyàn mẹ́rin lórí agolo gíga, lórí ilẹ̀ olókùúta? Ọwọ́ kan tó bá ṣèèṣì kàn án, oúnjẹ ti dà. Ó sì tún ku ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Orí òkè kì í ṣaláìní afẹ́fẹ́, bí ẹ bá sì fi páànù yí sítóòfù àti agolo ká láti dí i, ooru á dà lé agolo lórí títí ó fi lè bú gbàmù. Kò sí ẹni tó yẹ kó dán ìyẹn wò.

Sítóòfù tó ní họ́ọ̀sì ni mo wá mú: agolo wà lọ́tọ̀, sítóòfù jókòó sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta tó gbòòrò. Èèyàn lè fi páànù yí iná ká láìsí ewu, níwọ̀n ìgbà tí agolo bá ti wà lóde páànù. Ohun tí mo wò dáadáa kí n tó sanwó ni páìpù idẹ kékeré kan tó gba inú iná kọjá kí gáàsì tó dé imú sítóòfù. Bí páìpù yẹn bá wà, ẹ lè dorí agolo kodò nínú òtútù, kí gáàsì ṣàn wá bí omi, kí iná sì sọ ọ́ di oru lójú ọ̀nà. Bí kò bá sí, ẹ má dán an wò rárá.

Mo dán sítóòfù náà wò lẹ́yìnkùlé kí a tó gbéra, pẹ̀lú agolo tí mo rà fún ìdánwò. Mo gbé agolo lé òṣùwọ̀n ilé ìdáná, mo kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, mo hó lítà omi kan, mo tún un wọ̀n. Nǹkan bíi 10 sí 15 gírámù gáàsì ló yẹ kí lítà kan gbà níbi tí afẹ́fẹ́ ò sí, tèmi náà kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà mo tan fáànù sí i, mo ṣí ìdérí ìkòkò, mo yọ páànù kúrò. Omi yẹn kò hó. Ó ń ru oru, fóòmù wẹ́wẹ́ ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, gáàsì ń lọ, kò hó. Mo da páànù padà, mo dé e, kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Láti ìgbà yẹn ni mo ti gbà pé páànù tó ń dí afẹ́fẹ́ àti ìdérí níyì ju sítóòfù olówó ńlá lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣírò iye gáàsì tí a ó rà. Èèyàn mẹ́rin, lítà kan àbọ̀ omi gbígbóná fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lóòjọ́, lítà 6 nìyẹn. Bí lítà kọ̀ọ̀kan bá jẹ 15 gírámù, 90 gírámù ni lóòjọ́, agolo oní-230 gírámù á tó wa fún ọjọ́ méjì àbọ̀. Mo fi díẹ̀ lé e nítorí afẹ́fẹ́.

Ìkòkò ló gba àkókò mi jù, torí àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ títéníọ̀mù. Wọ́n ti gbọ́ pé òun ló fúyẹ́ jù. Ká sòótọ́, bí irin méjèèjì bá tóbi bákan náà, alumíníọ̀mù ló fúyẹ́ ju títéníọ̀mù lọ. Ohun tó mú kí ìkòkò títéníọ̀mù fúyẹ́ ni pé ó le débi tí wọ́n fi lè ṣe é ní fẹ́lẹ́. Fẹ́lẹ́ yẹn náà ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀. Alumíníọ̀mù ń gbé ooru kiri ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá títéníọ̀mù. Nínú ìkòkò títéníọ̀mù, ibi tí iná bá ti kàn gan-an ló ń gbóná, oúnjẹ á jóná láàárín, ẹ̀gbẹ́ á sì wà ní tútù. Fún omi lásán kò burú. Àwa fẹ́ se oúnjẹ tó ki, nítorí náà mo mú ìkòkò alumíníọ̀mù oní-lítà 2.5, irú èyí tí wọ́n ti mú ara rẹ̀ le, tó gbòòrò nídìí, tó ní ìdérí tó dé dáadáa. Agolo gáàsì àti sítóòfù wọ inú rẹ̀ wẹ́kú, mo fi aṣọ ìnura kékeré wé wọn kí wọ́n má máa ha á. Mo fi títéníọ̀mù parí ìjà: ife tiwọn ni mo fi ṣe. Yàtọ̀ sí èyí, ṣíbí gígùn, ohun tí à ń fi di ìkòkò mú, láítà méjì àti ìṣáná nínú ọ̀rá. Ohun ìṣáná tí wọ́n dè mọ́ ara sítóòfù ò ṣeé gbọ́kàn lé. Bí omi bá kàn án, tàbí tí ẹ bá ga jù, ó lè máa ṣe ṣákáṣáká láìmú iná jáde.

Lókè lọ́hùn-ún, omi hó kíákíá, oúnjẹ ò sì tètè jinná. Ní 3,000 mítà, nǹkan bíi 90°C lomi ti ń hó, kò sì ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Ohun tó ń pẹ́ lórí iná ti kúrò nínú ẹrù wa tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá kù díẹ̀ kó rọ̀, mo máa ń pa iná, mo fi jákẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò, mo sì fi sílẹ̀ títí yóò fi jinná fúnra rẹ̀.

Láàárọ̀ tí òtútù mú jù, iná ń rẹlẹ̀, yìnyín funfun fẹ́lẹ́ sì ti bo agolo láti ìdí dé ibi tí gáàsì ga dé nínú rẹ̀. Mo jẹ́ kí páìpù idẹ gbóná dáadáa, ó tó ìdajì ìṣẹ́jú, torí bí kò bá tíì gbóná, iná á bú sókè. Mo wá rọra dorí agolo kodò. Ohùn sítóòfù yí padà, ó ki sí i, iná dúró. Ọwọ́ ìyípa kì í tètè gbọ́ràn nígbà náà: ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ dúró wò ó kí ẹ tó tún yí i.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n wa sì ní kí n gbé sítóòfù wọ inú àgọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, inú àgọ́ kọ́." Wọ́n ní iná gáàsì mà mọ́, kò ní èéfín. Mo ṣàlàyé fún wọn pé carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń jáde lára iná, kì í rùn, ojú kì í rí i, ó sì ti pa àwọn tó kàn fẹ́ yá iná nínú àgọ́. Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n bá mi so tapólì mọ́ igi méjì, a sì dáná lábẹ́ rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé ní gbogbo ẹ̀gbẹ́.

Agolo kan kù tí gáàsì rẹ̀ ò tíì tán, bẹ́ẹ̀ kò lè wọ bàálù. Mo gbé e léfòó nínú ìkòkò omi, mo wo ibi tí omi dé lára rẹ̀, mo fi wé ìlà tí wọ́n tẹ̀ sára agolo láti mọ iye tó kù. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì. Mo fi bírò kọ ọ́ sára rẹ̀, mo sì fún àwọn kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gòkè, lẹ́yìn tí mo ti bi wọ́n bóyá ti tírẹ́ẹ̀dì ni sítóòfù wọn. Àwọn tó ti tán pátá la gbé padà wálẹ̀, a lu wọ́n níhò lóde gbangba, a sì kó wọn fún àwọn tó ń gba irin.