Bí A Ṣe Ń Wá Àyè Ìwádìí Ọ̀mọ̀wé Lórí Iyùn Inú Omi Rírú

Iyùn (coral, ẹ̀dá abẹ̀mí inú òkun) tó wà nínú omi tó mọ́ gaara ni gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò. Iṣẹ́ ṣì kù sí ti etíkun, níbi tí omi ti ń rú. Ní Great Barrier Reef, ọ̀wọ́ iyùn ńlá ti Ọsirélíà, ẹ wo Magnetic Island níwájú ìlú Townsville: odò Burdekin ń gbé ẹrẹ̀ wọ òkun lákòókò òjò, afẹ́fẹ́ sì ń rú u sókè lẹ́yìn náà. Sàkáání Townsville ni James Cook University àti Australian Institute of Marine Science wà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kó ìwé ẹ̀rí, tíránsíkíríìpù àti èsì IELTS (ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì) jọ. Ìyẹn kò le.

Lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó máa tọ́ yín sọ́nà ni ẹ kọ́kọ́ ń wá, fọ́ọ̀mù ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ má fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn. Ẹ ka iṣẹ́ méjì tí ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde, kí ẹ sì gbé ìbéèrè kan ṣoṣo kalẹ̀.

Ìbéèrè ọ̀hún gan-an ni wàhálà. Ọ̀pọ̀ ń kọ “ipa omi rírú lórí iyùn”, bí ẹni pé ohun kan ni. Ẹrẹ̀ tó ń léfòó ń dí ìmọ́lẹ̀, ewéko tín-ín-tín inú iyùn kò sì ní rí oòrùn fi ṣe oúnjẹ. Èyí tó balẹ̀ ń bo iyùn mọ́lẹ̀, iyùn á wá máa ná agbára rẹ̀ lórí ikun tó fi ń fọ̀ ọ́ dànù. Ajílẹ̀ oko tó bá odò wá tún ń mú kí koríko òkun (seaweed) bò ó. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sọ bí ẹ ó ṣe yà á kúrò lára ìyókù.

Láti wọn ẹrẹ̀ tó ń balẹ̀, àwo pẹrẹsẹ ni kí ẹ lò, kì í ṣe páìpù. Páìpù ń há ẹrẹ̀ tí ìgbì ì bá tún gbé lọ, ìwọ̀n á sì ga ju bó ṣe rí. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé NTU, ìwọ̀n tí ẹ̀rọ fi ń sọ bí omi ṣe rú tó, lásán: ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká nínú omi ló ń wọ̀n. Kò lè di mílígíráàmù ẹrẹ̀ inú lítà omi kan láìjẹ́ pé ẹ fi ẹrẹ̀ ibẹ̀ gan-an ṣètò ẹ̀rọ náà.

Ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé omi rírú ń pa gbogbo iyùn. Turbinaria, irú iyùn kan, ń gbé inú rẹ̀ dáadáa.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè ṣe Secchi disk, àwo funfun tí a ń sọ̀ sínú omi láti mọ bó ṣe mọ́ tó: ọmọrí ike ọ̀dà funfun tó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, òkúta nísàlẹ̀, okùn tí a sàmì sí ní 10 sẹ̀ǹtímítà-10 sẹ̀ǹtímítà. Láàárín aago mẹ́wàá sí méjì ọ̀sán, ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ní ibòòji, ẹ kọ ibi tó ti pòórá àti ibi tó ti tún yọ, kí ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì pín in sí méjì. Àkọsílẹ̀ oṣù mélòó kan láti Ọ̀sà Èkó dùn-ún wò nínú lẹ́tà ju ìyìn olùkọ́ lọ.

Káàdì omùwẹ̀ ti arìnrìn-àjò kò tó fún iṣẹ́ ìwádìí. Ẹ bi ọ́fíìsì ìlúwẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Láti oṣù kọkànlá sí ìkarùn-ún ni jellyfish olóró ń rìn létíkun ibẹ̀, ìgbà yẹn náà sì ni omi ń rú jù.

Ní ti owó, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ RTP (Research Training Program) ti ìjọba àpapọ̀ Ọsirélíà lè gbé owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó oúnjẹ, ṣùgbọ́n ìdíje ni. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ń tì í kí ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́.