Bí ẹ ṣe lè kọ́ ọmọ yín kékeré lóyìnbó tí owó ò bá fi bẹ́ẹ̀ sí

Ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta níbí tí mo ti ń ta àdìrẹ, ẹ máa gbọ́ ìyá kan tó ń jágbe mọ́ ọmọ ẹ̀ pé "kọ́ọ̀mù íà, sídáùn", kó tó yíjú sí oníbàárà, kó wá máa fi Yorùbá tó já geere bá a nájà. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o, èmi náà ṣe é rí. Ẹ̀rù ló ń bà wá, pé kí ọmọ má lọ dé praimárì kó máa wò bọ̀ọ̀, ìdí nìyẹn tá a fi ń yáwó san owó nọ́sìrì tó ń gba fáìnì lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá sọ fẹnákúlà, ìyẹn Yorùbá.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ lè má dùn mọ́ yín: ẹ sọ Yorùbá fọ́mọ nílé, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ dáadáa. Òyìnbó jákujàku ni mo ń bá ọmọ mi kejì sọ, nígbà tó máa fi pé ọdún mẹ́rin ó ti mọ "A fọ́ àpù" dé "Z fọ́ sébírà", àmọ́ lóru ọjọ́ kan inú ń run ún, kò mọ̀ ọ́n sọ ní Yorùbá, kò mọ̀ ọ́n sọ lóyìnbó, ó kàn di ikùn mú ó ń ké "mọ́mì, mọ́mì". Àyà mi já.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti dán irú ẹ̀ wò ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ praimárì fún ọdún 6, tíṣà tó gbọ́ òyìnbó dáadáa wá ń kọ́ wọn lóyìnbó lọ́tọ̀, àwọn ọmọ yẹn ò sì gbẹ́yìn nínú òyìnbó rárá.

Ẹ wá mú ìṣẹ́jú 10 lóòjọ́ fún òyìnbó. Tèmi, ìgbà tí mo bá ń ká aṣọ ni, màá ní "mú aláró yẹn wá, búlúù nìyẹn", a máa ka yáàdì, wọ́ọ̀nù, tú, tírì, tó bá ṣì í mo máa rẹ́rìn-ín, a tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ta tòmátì ní Kútọ̀ ní réèdì, ó ní bíìgì àti sìmọ́ọ̀lù. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ fi sílẹ̀ fún tíṣà, tàbí kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà ní JSS máa kàwé fún un lálẹ́.

Kẹ́ ẹ tó sanwó nọ́sìrì, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kẹ́ ẹ tẹ́tí. Tó bá jẹ́ pé ariwo "yẹ́ẹ̀sì àǹtí" nìkan lẹ ń gbọ́, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ bèèrè ní praimárì ìjọba àdúgbò yín náà, òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ka ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀.

Tí ọmọ bá dé, ẹ ní kó fi Yorùbá sọ ìtàn tí àǹtí sọ fún wọn, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ó yé e. Tèmi ń sọ tiẹ̀ lọ́jọ́sí, tọ́tọ́ìsì báyìí, tọ́tọ́ìsì báyìí, mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó wò mí bíi pé mo gọ̀, ó ní "mọ́mì, ìjàpá mà ni!"