Bí ẹ ṣe máa kọ ìtàn Màmá yín tó lo ayé wọn lóko, tí kò fi ní jọ ti gbogbo èèyàn

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n ń há fún wa lóde òkú, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀: wọ́n bí Màmá sí ìdílé olóyè lágbájá, wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́ òdodo, wọ́n fẹ́ràn ọmọ, wọ́n sùn nínú Olúwa lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́fà. Obìnrin tó fi orí ru kòkó láti abà dé títì títí irun àárín orí ẹ̀ fi rẹ̀, ẹ ò ní rí kòkó kan ṣoṣo nínú ìtàn ẹ̀. Ìyẹn ló bí mi nínú tí mo fi ń kọ eléyìí, pàápàá fún àwa tí màmá wa gbé abà lọ́nà Oǹdó, Ifẹ̀, Iléṣà àti Ìbàdàn.

Ọjọ́ orí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni pé ọdún wo ni wọ́n bí Màmá o, wọn ò mọ̀, èyí tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa sọ. Ẹ bi wọ́n pé kí ni Màmá ń ṣe nígbà tí nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀. Ogun Hítílà, 1939 sí 1945, ṣé wọ́n ti lè dá lọ odò? Nígbà tí gómìnàǹtì ń gé kòkó tó ń ṣàìsàn lulẹ̀ lẹ́yìn ogun yẹn ńkọ́, oko ta ni wọ́n gé? Ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, January 1955, èwo nínú àwọn ọmọ ló ti wà láyé? Àgbẹ́kọ̀yà, ìjà tí àwọn àgbẹ̀ bá gómìnàǹtì jà lórí owó orí, 1968 sí 1969, ṣé Màmá sá wọgbó, ọmọ wo ni wọ́n pọ̀n sẹ́yìn nígbà yẹn? Ìgbà tí mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, April 1972. Ìgbà tí pọ́n-ùn di náírà, January 1973, èyí gan-an làwọn ìyá wa kì í gbàgbé torí owó tí wọ́n dì sí ìdí aṣọ ló kàn.

Ká wá ṣírò ẹ̀. Ká ní Màmá lóyún àkọ́bí lọ́dún tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì máa ń sọ pé àwọn ò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún sí ogún lọ nígbà yẹn, a jẹ́ pé wọ́n bí wọn láàárín 1935 sí 1937. Tí wọ́n bá kú ní 2024, wọ́n á ti tó ẹni ọdún 87 sí 89. Ṣùgbọ́n pósítà ti ní 104! Ẹ yọ 104 kúrò nínú 2024, ó di 1920, tí àbígbẹ̀yìn bá wá jẹ́ ọmọ 1978, á jẹ́ pé ẹni ọdún 58 ni Màmá nígbà tí wọ́n bí i. Sárà ìyàwó Ábúráhámù nìkan la gbọ́ irú ẹ̀ rí. Àbígbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ máa fi yẹ ọjọ́ orí wò, kì í purọ́. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá fẹnu kò sí yẹn náà ni kẹ́ ẹ sọ ní ọ́fíìsì NPC, àjọ tó ń ka iye èèyàn, tẹ́ ẹ bá lọ gba ìwé ẹ̀rí ikú, kó má lọ jẹ́ pé pósítà ń sọ tiẹ̀, ìwé ń sọ tiẹ̀.

Ó kan iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ibí yìí gan-an ló sì pọ̀ jù. Àwa ọmọ kọ́ ló mọ̀ ọ́n jù, ká má tanra wa. Àwọn orogún wọn ni, àwọn tí wọ́n jọ ń pa èkùrọ́, àwọn lébìrà Àgàtú tó bá wọn ṣiṣẹ́ tí wọn ò padà sílé mọ́, baba tó máa ń wọn kòkó. Ẹ ra búrẹ́dì dání, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ tó wá sọ pé "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ mà, nígbà tí ẹ̀yin àti ìyá wa jọ wà lábà, ta ló máa ń kọ́kọ́ jí?" Ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Wọ́n á sọ fún yín bí ìyá yín ṣe máa ń ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi bo kòkó láàárọ̀ kùtù, tí wọ́n á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ bóyá ó ń gbóná, tó bá ti tó bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà tó ti pọ́n tó ń ta kíkan sí imú, ó di kí wọ́n sá a sórí ẹní nìyẹn. Tí òjò bá wá ṣú, ọbẹ̀ lè jóná lórí iná, kòkó ni wọ́n á kọ́kọ́ sáré kó, torí tó bá fi lè hu, kò lè jẹ́ gíréèdì wáànù mọ́. Irú nǹkan báyìí ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ tan fóònù kó máa gbohùn sílẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó tàn án.

Ẹ tún bi wọ́n pé ta ló ń gbowó kòkó. Ìbéèrè yìí le díẹ̀, pàápàá tí Bàbá bá ṣì wà láyé, àmọ́ ẹ bi wọ́n. Ní abà tó pọ̀, ọwọ́ ọkọ ni owó kòkó ń bọ́ sí, ohun tó jẹ́ tìyàwó ni èkùrọ́, gàrí, ata àti kókò tí wọ́n gbìn sáàárín kòkó tí ò tíì ga. Ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ló sì jẹ́ ọ̀fẹ́ o, owó ni wọ́n ń san ní mọ́dà, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ modern tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá lọ mọ́dà, ẹ lọ wádìí bóyá kòkó Bàbá ló san án àbí àdín Màmá.

Nípa ilẹ̀, ẹ ṣọ́ra gidi gan-an. Ẹ má kàn kọ "oko Màmá" sínú ìwé kẹ́ ẹ wá há a fún gbogbo ìlú. Nínú àṣà tiwa, ìyàwó kì í jogún ilẹ̀ ọkọ, àwọn ọmọ ló ń jogún ẹ̀, tí wọ́n bá sì pín in ní ìdí-igi, ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tiẹ̀. Èyí tí Màmá bá fowó ara wọn rà, tàbí tí bàbá tó bí wọn fún wọn, tàwọn ọmọ tiwọn nìyẹn. Ẹ bi mọ̀lẹ́bí méjèèjì kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, bí ẹ̀yin àti ọmọ bàbá yín ò bá fẹ́ pàdé ní kóòtù. Oríkì ńkọ́, ti ilé bàbá wọn ni kẹ́ ẹ lọ gbà, kì í ṣe tọkọ, àwọn àgbà ọmọ-osú ló mọ̀ ọ́n.

Ọmọ tó ti kú ṣáájú wọn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan á ní ká yọ ọ́, pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Lójú tèmi, tí Màmá bá bí mẹ́sàn-án tó ku márùn-ún, ẹ kọ mẹ́sàn-án, àwọn mẹ́rin yẹn wà lára ohun tí ojú wọn rí. Ṣùgbọ́n tí àgbà ilé bá ní rárá, ẹ gbà fún wọn. Bí Màmá ṣe kú náà, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì: àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, tàbí wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, ọjọ́ báyìí, ilé ẹni báyìí. Ẹ fi "àìsàn ráńpẹ́" sílẹ̀ jàre.

Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ẹ kà á sókè fún àwọn ìyá tó bá yín sọ̀rọ̀, púpọ̀ nínú wọn ò lè kàwé. Ibi tí wọ́n bá ti ní "rárá, kò rí bẹ́ẹ̀", ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Tí atẹ̀wé bá sì ti gbé èyí tó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde wá, ẹ wo ọdún, ẹ wo orúkọ abà, ẹ wo àmì orí orúkọ Màmá, torí ó di ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti tẹ ẹgbẹ̀rún kan tán káwọn ará ilé tó rí àṣìṣe.