Bí mo ṣe fi tépù wọn pápá onígun mẹ́rin, tí mílímítà méjì sì dá mi padà sórí ilẹ̀

Mo ti máa ń rò pé kò sí nǹkan kan nínú ká wọn ilẹ̀ ju ká fa tépù láti igun kan dé òmíràn lọ. Pápá tí mo fẹ́ wọ̀n náà ò sì le lójú: igun mẹ́rin, koríko kúkúrú, kò sí ilé kankan láàárín rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi ní a ó parí rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é.

Ẹrù wa kò pọ̀: tépù oníke 30 mítà, èèkàn igi fún igun kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá gígùn mẹ́ta tí mo kùn ní pupa àti funfun, okùn, òkúta kékeré tí mo so sídìí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, lẹ́fẹ̀lì bíríkìlà, àti ìṣó ńlá mẹ́wàá tí mo so àkísà pupa mọ́ lórí. Ìṣó yìí ni ẹni tó bá ń wò wá kò ní mọ ìwúlò rẹ̀. Ẹni iwájú ló ń kó wọn dání. Ibi tí tépù bá parí sí, yóò ri ọ̀kan mọ́lẹ̀, yóò sì máa lọ. Bí ẹni ẹ̀yìn bá débẹ̀, á fà á tu, á mú un dání. Tí ẹ bá dé òpin ìlà, iye ìṣó tó wà lọ́wọ́ ẹni ẹ̀yìn ni iye tépù tó pé. Ìlà wa tó gùn jù ò tó tépù méjì, nítorí náà ìṣó mẹ́wàá ti pọ̀ jù fún wa, ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń fi ẹ̀wọ̀n irin wọn ilẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó sì wù mí kí n ṣe é bíi tiwọn. Orí lè gbàgbé iye tó kà. Ìṣó tó wà lọ́wọ́ kì í gbàgbé.

A kan èèkàn mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì pè wọ́n ní A, B, C àti D. Ọ̀pá la kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́. Ọ̀kan dúró ní A, ọ̀kan ní B. Mo dúró lẹ́yìn ti A, mo di ojú kan, mo wá ń darí àbúrò mi tó gbé ọ̀pá kẹta sí àárín: sún sí ọ̀tún, sún díẹ̀ sí i, padà. Nígbà tí ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ẹyọ kan ṣoṣo lójú mi, ìlà ti gún nìyẹn. Má fo ibí yìí o. Tépù tó bá ya ẹ̀gbẹ́ lọ kì í dín ìlà kù, ńṣe ló ń fi kún un. Tépù tó bá rọ̀ láàárín náà ń fi kún un. Mo ti rò pé àṣìṣe á máa lọ síwá sẹ́yìn, tí ọ̀kan á sì pa èkejì rẹ́. Àwọn wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń lọ, wọ́n ń kóra jọ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti le tó báyìí?"

"Fà á sí i."

"Ọwọ́ ń dùn mí o."

Iṣẹ́ okùn fífà yìí ti pẹ́ láyé. Nínú ibojì Menna ní Thebes, ní ilẹ̀ Íjíbítì, àwòrán kan wà lára ògiri tó ti lé ní ọdún 3,300: àwọn ọkùnrin na okùn tí wọ́n ta ní kókó-kókó, wọ́n ń fi í wọn oko ọkà. Orúkọ tí àwọn Gíríìkì wá ń pe irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ju "àwọn afàkùn" lọ. Herodotus, òpìtàn Gíríìkì, sọ ìdí tí wọ́n fi nílò wọn: bí odò Náìlì bá gbé apá kan ilẹ̀ ẹnìkan lọ, ọba á rán àwọn èèyàn lọ wọn ohun tó ṣẹ́kù, kí owó orí onílẹ̀ lè dín kù tó bó ṣe yẹ. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, torí pé owó orí ló bí ìmọ̀ náà nínú rẹ̀.

Bí a ti wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, àbúrò mi ti ń ká okùn. Mo ní ó kù. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin nìkan ò sọ bí pápá ṣe rí. Ẹ mú igi pẹlẹbẹ mẹ́rin, ẹ kàn án ní ìṣó kọ̀ọ̀kan ní igun, kí ẹ wá tì í: á wọ́, á dagun, síbẹ̀ gígùn igi kankan ò yí padà. Ẹ ṣe é pẹ̀lú igi mẹ́ta, kò ní mì. Nítorí èyí ni àwọn awọnlẹ̀ fi ń pín gbogbo nǹkan sí onígun mẹ́ta. Ní 1615, Willebrord Snellius ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà kúkúrú kan tó wọ̀n fúnra rẹ̀, ó wá ń wo igun láti orí ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì kan sí òmíràn, ó ń to onígun mẹ́ta mọ́ onígun mẹ́ta, títí ó fi mọ bí Alkmaar ṣe jìnnà sí Bergen op Zoom tó, ibi tó ju 100 kìlómítà lọ. Kò sẹ́ni tó fa tépù gba inú omi àti ẹrẹ̀ ibẹ̀ kọjá. Tèmi ò gba irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. A kàn wọn ìlà tó la àárín kọjá láti A dé C, tó pín pápá sí onígun mẹ́ta méjì.

Lẹ́yìn náà la wọn B sí D. Ìlà yìí kì í ṣe ara ohun tí mo nílò láti yàwòrán rárá. Mo wọ̀n ọ́n kí ó lè bá mi mú irọ́ ni. Ó jẹ́ 50.65 mítà.

Lálẹ́, mo tẹ́ páálí ńlá sórí tábìlì, sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà méjì. Mo fa ìlà AC, mo fi kọ́ńpáàsì gé B láti A àti láti C, mo gé D bákan náà. Mo wá gbé rúlà sí B àti D. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ó yẹ kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25.3 àti díẹ̀. Ohun tí mo rí ju 25.5 lọ. Mílímítà méjì péré! Ṣùgbọ́n mílímítà méjì lórí páálí mi, 40 sẹ̀ǹtímítà ni lórí ilẹ̀.

Ẹ má bínú, mo mú ìréṣà. Mo ní kí n sún D díẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Ohun tó dá ọwọ́ mi dúró ni ìtàn Méchain. Ní 1792, ìjọba Faransé fẹ́ kí mítà jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù 10 ọ̀nà tó wà láti òpin àríwá ayé dé agbedeméjì ayé. Wọ́n rán awòràwọ̀ méjì, Jean-Baptiste Delambre àti Pierre Méchain, pé kí wọ́n wọn ilẹ̀ láti Dunkirk dé Barcelona. Nǹkan bí ọdún méje ni wọ́n fi ṣe é, nínú ogun àti rúkèrúdò. Ní Barcelona, Méchain wo ìràwọ̀ láti ibi méjì tí kò jìnnà síra, kí ó lè mọ ibi tí ìlú náà wà lórí ayé gan-an, èsì méjèèjì kò sì bára mu. Ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 mítà lórí ilẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó tún àwọn ìwé rẹ̀ ṣe kí ó lè dà bíi pé ó bára mu, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn títí ó fi padà sí Sípéènì láti tún wọ̀n sí i. Ibà pa á níbẹ̀ ní 1804. Delambre ló wá rí àṣírí náà nínú ìwé tó fi sílẹ̀. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé mítà tí wọ́n gbé jáde fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà kúrú, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ ní pàtàkì: bí ayé ṣe pẹlẹbẹ tó lórí àti nísàlẹ̀ ni wọ́n ṣì ṣírò.

Mo gbé ìréṣà sílẹ̀, mo sùn.

Ní ọjọ́ kejì, ìdajì ọjọ́ ni mo fi jókòó tẹjú mọ́ nọ́ńbà. Àbúrò mi ló rí i, kì í ṣe èmi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rántí pé ẹsẹ̀ ń yọ̀ wá nígbà tí à ń lọ sí C?" Ọ̀rọ̀ ti bùṣe. A, B àti D wà ní ìpele kan náà, C nìkan ló rì sísàlẹ̀. Gbogbo ìlà tó kan C la sì tẹ́ tépù lé ilẹ̀ láti wọ̀n, bí ẹni tó ń wọn aṣọ lára èèyàn. Àwòrán ilẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹyẹ ṣe ń rí ilẹ̀ láti òkè ni a ń yà á, torí náà ìlà tó tẹ́jú bí omi inú abọ́ nìkan la lè lò.

A padà lọ. Láti B sí C a kò tẹ́ tépù lélẹ̀ mọ́, a gbà á wálẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo di òdo tépù mú sórí ilẹ̀ lókè. Àbúrò mi fà á síwájú mítà márùn-ún, ó gbé e sókè títí tí lẹ́fẹ̀lì fi ní ó tẹ́jú, ó wá jẹ́ kí òkúta orí okùn rọ̀ láti etí tépù. Afẹ́fẹ́ ń mi òkúta náà, a ní láti dúró kí ó tó sinmi. Ibi tí ṣóńṣó rẹ̀ bá tọ́ka sí nílẹ̀, a ri ìṣó mọ́ ọn, ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ tó kàn. Mo ń kọ gígùn okùn òkúta sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé C, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 6. BC tó jẹ́ 36.50 lánàá di 36.00. Ìṣirò Pythagoras, onímọ̀ Gíríìkì àtijọ́, sọ ohun kan náà: 36.50 lọ́nà 36.50, yọ 6 lọ́nà 6 kúrò, sìkúwíà rúùtù ohun tó kù jẹ́ 36.00. Bákan náà la tún AC àti CD wọ̀n, wọ́n di 59.40 àti 39.20. AB ṣì jẹ́ 47.90, AD 32.70.

Ọjọ́ kẹta kò pẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ AD, ààlà gan-an yọ ikùn síta kọjá ìlà wa, nítorí náà a ní láti wọ̀n ọ́n láti orí ìlà, kí tépù sì yà ní sìkúwíà gẹ́lẹ́, bí igun páálí. Okùn mítà 12 ni mo fi ṣe é, mo ta á ní kókó ní mítà 3 àti mítà 7, mo so orí méjèèjì pọ̀. Ẹ fà á le ní ojú kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ibi tí ẹ̀gbẹ́ 3 àti ẹ̀gbẹ́ 4 ti pàdé á ṣe sìkúwíà láìsí àní-àní. Ọgbọ́n yìí ju Pythagoras lọ lọ́jọ́ orí. Wàláà amọ̀ kan wà láti ilẹ̀ Bábílónì, Si.427 ni wọ́n ń pè é, tó ti lé ní ọdún 3,600. Àwòrán oko tí wọ́n pín ló wà lára rẹ̀, àwọn igun rẹ̀ sì ṣe sìkúwíà látinú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Láti D, ní mítà 10, ààlà fi 1.20 jìnnà sí ìlà. Ní mítà 20, ó jẹ́ 1.80, ní orí méjèèjì, òdo. Gbogbo ikùn náà jẹ́ nǹkan bí mítà sìkúwíà 32.

Ní ti onígun mẹ́ta méjèèjì, ọ̀nà Heron ti Alẹkisáńdíríà, onímọ̀ ìṣirò àtijọ́, ni mo gbà, torí pé kò béèrè igun kankan. Ẹ ro ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ dá a sí méjì. Ẹ yọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ sọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di púpọ̀ mọ́ra, kí ẹ wá wá sìkúwíà rúùtù rẹ̀. ABC jẹ́ 862, ACD jẹ́ 598. Pẹ̀lú ikùn ààlà, gbogbo pápá jẹ́ mítà sìkúwíà 1,492.

Fún ìgbádùn ara mi, mo yí i sí ìwọ̀n Edmund Gunter, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1620: ẹsẹ̀ bàtà 66, tí wọ́n pín sí ojú ẹ̀wọ̀n 100. Ẹ̀wọ̀n 80 jẹ́ máìlì kan, ẹ̀wọ̀n sìkúwíà 10 sì jẹ́ éékà kan. Ẹni tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì mọ̀ ọ́n láìmọ̀, torí ẹ̀wọ̀n kan gẹ́lẹ́ ló wà láàárín igi méjì tí wọ́n ń sọ bọ́ọ̀lù sí. Pápá mi jẹ́ ẹ̀wọ̀n sìkúwíà 3.69. Ẹ sún àmì kan sẹ́yìn, ó di éékà 0.369, láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò. Ọkùnrin yẹn gbọ́n.

Mo gbé fóònù yí pápá náà ká náà. Ó kọ́kọ́ fún mi ní 1,410, lẹ́ẹ̀kejì 1,570. GPS inú fóònù lè fi mítà bíi márùn-ún ṣìnà ní gbangba, ìyẹn sì pọ̀ fún ilẹ̀ tó kéré báyìí. Ti àwọn awọnlẹ̀ ń gba àtúnṣe láti ẹ̀rọ mìíràn tó dúró sí ojú kan tí wọ́n mọ̀, ó sì lè dé sẹ̀ǹtímítà. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ààlà tàbí ìwé ilẹ̀ ni, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ni kí ẹ pè, kì í ṣe èmi.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo fi nọ́ńbà tuntun ṣírò BD: 50.69. Lórí ilẹ̀, 50.65. Mo kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ìwé, mo fa ìlà sábẹ́ wọn, mo kọ "sẹ̀ǹtímítà 4" sí i, mo sì fi bíírò kọ ọ́.