Bí a ṣe ń gbá pàǹtí ìpolówó kúrò nínú gúrúpù kírípítò

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, màmá kan tó ń ta ańkárá ní ọjà Wuse béèrè nǹkan kan nínú gúrúpù Telegram wa: “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi USDT ránṣẹ́. Ṣé BEP20 ni kí n mú ni, àbí ERC20?” USDT ni owó kírípítò tí iye rẹ̀ ń bá dọ́là rìn; BEP20 àti ERC20 sì ni méjì nínú àwọn ọ̀nà, ìyẹn nẹ́tíwọ̀kì, tó lè gbà lọ. Púpọ̀ nínú wa ló lè dá a lóhùn láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ọ̀rọ̀ 43 ti gorí ìbéèrè rẹ̀, tókìn kan náà (irú owó kírípítò kan) sì ni gbogbo wọn ń yìn. “Iṣẹ́ yìí dáa gan-an o.” “Àwọn tó ṣe é mọ iṣẹ́.” “Ẹ má jẹ́ kó fò yín ru.” Màmá dúró títí, kò rí èsì. Ló bá mú èyí tí owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ kéré jù, ìyẹn BEP20. 0x ni àdírẹ́sì àwọn méjèèjì fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó lè ta á lólobó pé nǹkan ò rí bó ṣe yẹ. Ibi tó fi owó náà ránṣẹ́ sí kì í gba BEP20. Owó náà kò wọlé.

Àwa Yorùbá tó ń gbé Abuja la dá gúrúpù yìí sílẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Kubwa, kí a lè máa fi èdè wa kọ́ ara wa ní òwò kírípítò. A ti lé ní 600 báyìí: a ní ènìyàn ní Nyanya, ní Lugbe, ní Mararaba, títí dé Minna àti Kaduna. Mo wà lára àwọn ádímìn. Ó dùn mí wọra pé ẹni tó wá ìrànlọ́wọ́ wá sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ kò rí i gbà, nítorí ariwo tí àwọn kan ń gba owó pa. Ọjọ́ náà la bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ṣe, ọ̀nà tí a sì gbà rèé. Ẹni tó bá ní irú gúrúpù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lè ṣe é bákan náà.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí owó ti ń wá

Tẹ́lẹ̀, tí ẹnì kan bá ti ń da gúrúpù rú, a ó lé e jáde, ó parí. A lé mẹ́ta lónìí, márùn-ún wọlé lọ́la. Apẹ̀rẹ̀ la fi ń pọn omi. Ìgbà tó yá ni mo pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn pé kó jẹ́ ká ríra. Àgùnbánirọ̀ ni, Nyanya ló ń gbé, ọmọ tó mọ ọ̀wọ̀ sì ni. Ó gbé fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Tábìlì kan ló wà lójú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ṣe lórí Google Sheets. Òpó àkọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́, èkejì jẹ́ líǹkì ọ̀rọ̀ tó kọ, ẹ̀kẹta jẹ́ iye lẹ́tà tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ 20 lọ́sẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má dín ní lẹ́tà 50, kí gbogbo rẹ̀ sì ti pé kí aago méjìlá òru ọjọ́ Àìkú tó lù. Bó bá kọ 19, kò ní gba kọ́bọ̀.

Mo bi í pé ta ló máa ń ka gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í kà á bí ẹni ń kàwé o. Bí ẹni ń ka owó ni wọ́n ń kà á.”

Ọ̀rọ̀ yẹn là mí lójú. Tó bá jẹ́ iye ni wọ́n ń sanwó lé lórí, ẹni tó fi wákàtí kan ṣàlàyé bí tókìn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó kọ “iṣẹ́ yìí dáa gan-an o” láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, owó kan náà ni wọn yóò gbà. Ta ni yóò wá máa ṣe wàhálà? Kì í ṣe pé ọmọ náà burú. Bí wọ́n ṣe ṣètò owó iṣẹ́ yẹn ló ń bí pàǹtí.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, ẹ wádìí irú owó tí wọ́n ń gbà. Àwọn kan ń gba owó lórí iye ọ̀rọ̀, bíi ti àgùnbánirọ̀ yìí. Àwọn mìíràn ń jẹ èrè lórí líǹkì: gbogbo ẹni tó bá gba orí líǹkì wọn wọlé ni wọ́n ń rí nǹkan lé lórí. Ẹ rántí 2024, nígbà tí Notcoin àti Hamster Kombat, àwọn eré orí Telegram tí wọ́n ń fi tókìn san èrè wọn, gbòde, tí ọmọdé àti àgbà ń tẹ fóònù nínú bọ́ọ̀sì Nyanya, tí líǹkì ìpeni sì kún gbogbo ibi tí ènìyàn mẹ́ta bá ti kó ara jọ. Oògùn àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra. Ẹni tó ń jẹun lórí líǹkì, tí líǹkì ò bá ti lè dúró, ó ti parí fún un. Ẹni tó ń jẹun lórí iye, líǹkì kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, ohun tí wọ́n ń kà lẹ máa fọwọ́ kàn.

Ẹ kọ òfin tó ṣe é tẹ̀ lé

Ẹ má ṣe fòfin de ìpolówó pátápátá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ádímìn kò ní gbà pẹ̀lú mi níbí, ṣùgbọ́n a ti dán an wò. Owó ilé ní Abuja kì í ṣe ohun eré, ẹni tó sì rí iṣẹ́ tó ń mú nǹkan díẹ̀ wọlé kò ní fi í sílẹ̀ nítorí pé ẹ ní kó fi í sílẹ̀. Yóò kàn fi í pa mọ́ ni. Ìpolówó tó fara sin sì burú ju èyí tó wà ní gbangba lọ, nítorí ẹni tó ń kà á yóò rò pé ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ ni.

Ohun tí a kọ sókè gúrúpù wa nìyí, ẹ lè dà á kọ bó ṣe rí (iyàrá ni apá kọ̀ọ̀kan tí a pín gúrúpù sí, ẹ ó rí bí a ṣe ṣe é níwájú):

“Ẹni tó bá gba owó tàbí tókìn láti sọ̀rọ̀ nípa ohunkóhun, kó kọ ÌPOLÓWÓ síwájú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó sì gbé e sí iyàrá Ọjà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ ni. Líǹkì ìpeni kò wọ iyàrá Ìbéèrè rárá. Ọ̀rọ̀ tí a bá rí pé nítorí kí ó lè pé iye ni wọ́n ṣe kọ ọ́, a ó pa á rẹ́, a kò sì ní bi oníkálùkù léèrè kí a tó pa á.”

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì gidigidi. Láìsí i, ojoojúmọ́ lẹ ó máa jiyàn.

Ẹ tún ilẹ̀kùn ṣe

Lórí Telegram, ẹ lọ sí ètò gúrúpù yín, kí ẹ tan Topics. Yóò pín gúrúpù sí iyàrá iyàrá. Ẹ dá iyàrá Ìbéèrè sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí iyàrá Ọjà náà wà lọ́tọ̀. Èyí nìkan ti tó kí ìbéèrè ìyá ọlọ́jà má bàa rì sínú ariwo mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí líǹkì ìwọlé gúrúpù padà sí èyí tí ádímìn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò tọrọ àyè, ẹ ó wo orúkọ àti àwòrán rẹ̀, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Tí gúrúpù yín bá ju 200 ènìyàn lọ, ẹ wo abẹ́ Administrators, ẹ ó rí Aggressive Anti-Spam níbẹ̀. Ẹ tan án.

Àwa tún mú bọ́ọ̀tì (ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nínú gúrúpù) tó ń jẹ́ Rose wọlé, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ ọ́ di ádímìn, kí ẹ fún un ní àṣẹ láti pa ọ̀rọ̀ rẹ́ àti láti lé ènìyàn. Ẹ kọ /captcha on, kí ẹni tó ń wọlé lè fi hàn pé ènìyàn lòun. Ẹ kọ /lock url, gbogbo líǹkì tí ẹni tí kì í ṣe ádímìn bá gbé wá yóò pòórá. Ẹ kọ /lock forward, kí wọ́n má lè máa ti ọ̀rọ̀ láti ibòmíràn wọ inú ilé yín. Líǹkì tí ẹ bá fẹ́ kó máa kọjá, irú bíi ti SEC (àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdókòwò) tàbí ti ilé-iṣẹ́ ìròyìn tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ fi /allowlist yọ̀ǹda rẹ̀.

Slow Mode ńkọ́? Òun ló ń mú kí ènìyàn dúró díẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì lè pẹ́ tó wákàtí kan. Ẹ ṣọ́ra fún un. A gbé e sí ìṣẹ́jú 15 nígbà kan, àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ gidi ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, torí ẹni tí nǹkan ń ṣe kì í lè kó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú gbólóhùn kan. Ìṣẹ́jú àáyá 30 ló wà báyìí, ó sì tó.

Ẹ bá ẹni tó ń sanwó sọ̀rọ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà jù, ibí náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé. Ìpolówó yòówù kó jẹ́ ní ẹnì kan tó ń bójú tó o: òun ló ń gba ènìyàn síṣẹ́, òun ló ń ka iye, òun ló ń pín owó. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀bẹ wà. Àgùnbánirọ̀ yẹn fún mi ní orúkọ ọ̀gá rẹ̀ lórí Telegram, mo sì kọ̀wé sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. N kò bú u. Mo ya àwòrán ìbéèrè màmá náà àti ọ̀rọ̀ 43 tó bò ó mọ́lẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i, mo sì bi í pé nínú gbogbo àwọn tó ka èyí, ta ló rò pé yóò ra tókìn òun.

Ohun mẹ́ta ni mo béèrè. Èkíní, kó yí iye náà padà: dípò “kò gbọ̀dọ̀ dín ní 20”, kó di “kò gbọ̀dọ̀ ju 5 lọ”. Èkejì, kó má sanwó fún ọ̀rọ̀ tí ádímìn bá ti pa rẹ́. Ẹ̀kẹta, kó má ka ohunkóhun tí wọ́n kọ sí iyàrá Ìbéèrè. Mo wá sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá gbà: a kò ní lé àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́, orúkọ tókìn náà fúnra rẹ̀ ni a ó dè nínú gúrúpù, bọ́ọ̀tì yóò sì máa pa gbogbo ọ̀rọ̀ tí orúkọ náà bá wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ọjọ́ méjì ni kò fi dáhùn. Ní ọjọ́ kẹta, ó gba méjì, ó ní òun kò lè gba ti ọ̀rọ̀ 5, ó fi í sí 8. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí ìkejì yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí wọn kò bá ti ka ọ̀rọ̀ tí ẹ pa rẹ́, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ “delete”, owó ló ń kúrò nínú tábìlì ẹni tó kọ ọ́. Kò pọn dandan kí ẹ bínú, kò pọn dandan kí ẹ lé e. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ yára pa á kí ọjọ́ ìkàwó tó pé. Ọjọ́ Àìkú ni ti púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni èmi àti ádímìn kejì máa ń jókòó gbá ilẹ̀.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ rere ga

Bitcointalk, ojúlé ìjíròrò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Satoshi Nakamoto, ẹni tó ṣẹ̀dá Bitcoin, dá sílẹ̀ ní 2009, ti jẹ nínú ìyà yìí ṣáájú wa. Níbẹ̀, àwọn oníṣòwò máa ń sanwó fún ènìyàn kó lè gbé ìpolówó wọn sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kọ, bí ipò rẹ̀ bá sì ṣe ga tó ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó bá ti pẹ́ níbẹ̀ tó sì ń kọ ọ̀rọ̀ déédéé ló ń gòkè, ẹ ò rí i pé kò sóhun tó dí ẹni tó ń kọ pàǹtí lọ́wọ́ láti di ọ̀gá. Ní oṣù kìíní 2018 ni wọ́n mú ètò tí wọ́n pè ní Merit wọlé. Láti ìgbà náà, bí o kọ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀, tí àwọn mìíràn kò bá rí nǹkan gidi nínú rẹ̀ kí wọ́n fún ọ ní Merit, o ò ní gòkè. Ìdajì èyí tí o bá gbà ni ìwọ náà lè fún ẹlòmíràn.

A kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lórí Telegram, ṣùgbọ́n a fara wé e. Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta tí àwọn tó béèrè sì jẹ́rìí pé ó ran àwọn lọ́wọ́, òun nìkan ló lè polówó ní iyàrá Ọjà. Àgùnbánirọ̀ wa yẹn ló kọ́kọ́ pé mẹ́ta. Ó mọ ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì gan-an, a ò kàn tíì bi í rí ni.

Ti ìjìyà kò gùn: ìkìlọ̀ kan, lẹ́yìn náà kó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kó jáde.

Ohun kan wà tí kò sí ìkìlọ̀ fún o. Ìpolówó yòówù tó bá ń ṣèlérí èrè tí kò lè yẹ̀, “owó rẹ yóò di ìlọ́po méjì lóṣù kan”, ẹ má gbé e sí iyàrá Ọjà, ẹ má gbé e síbì kankan. Ẹbí mélòó ni kò tíì bọ́ nínú gbèsè tí CBEX, ètò ìdókòwò tó ṣèlérí irú èrè bẹ́ẹ̀, kó wọn sí ní oṣù kẹrin 2025? Òfin Investments and Securities Act ti 2025 ti ka irú ètò bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, abẹ́ SEC sì ni òwò kírípítò wà báyìí. Ní Abuja níbí ni olú ilé-iṣẹ́ SEC àti ti EFCC wà. Ẹ ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó pa á, kí ẹ sì fi tó wọn létí.

Wọn yóò wá bá ẹ̀yin náà

Ní kété tí ilẹ̀kùn bá ti le, ádímìn ni wọn yóò máa fi owó lọ̀. Wọ́n fi 50 dọ́là lọ ọ̀kan nínú wa kó lè fi ọ̀rọ̀ kan kọ́ sókè gúrúpù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbà á, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a rí i, a gba ipò ádímìn lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kubwa la ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìpè owó yòówù tó bá wá sínú àpótí ádímìn, iyàrá Ọjà là ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ní ọjọ́ náà gan-an: iye tí wọ́n fi lọ̀ wá, ohun tí wọ́n fẹ́ kí a yìn, àti èsì tí a fún wọn.